Bí a ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ láró láti dá irú lùkímíà (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀) mọ̀

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni aró kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ní láàbù. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ síláìdì, kẹ́míkà lásán ló ń fi ṣòfò. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní láàbù káàkiri òkè Ọya ni mo ní lọ́kàn, ní Gwagwalada, ní Ṣíkà létí Zaria, ní Kano, ní Sokoto, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe intern, tí ọ̀gá máa ń sọ fún pé "ẹ ṣe special stain sí i", tí kò ní sọ èwo, tí kò sì ní sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ flow cytometry, tó ń fi iná léésà dá irú sẹ́ẹ̀lì mọ̀, kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Níbi tó sì wà, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lójú ẹni tó ti ta ewúrẹ́ kó tó rówó mọ́tò dé Abuja. Ṣùgbọ́n àwọn aró Leishman, Sudan Black àti PAS, ẹ lè ṣe wọ́n níbikíbi tí methanol (ọtí kẹ́míkà) gidi bá wà, tí omi tó mọ́ wà, tí lẹ́ńsì 100 máíkírósíkóòpù kò sì tíì ha. Irú àwọn aró yìí náà ni àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì fi pín lùkímíà òjijì sí ìsọ̀rí lọ́dún 1976, ìyẹn FAB tí gbogbo wa kọ́ níléèwé: M pẹ̀lú nọ́ńbà fún ìdílé myeloid (tó ń bí sẹ́ẹ̀lì pupa àti àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun bíi neutrophil àti monocyte), L1 dé L3 fún ìdílé lymphoid (tó ń bí sẹ́ẹ̀lì funfun tí a ń pè ní lymphocyte). Àjọ WHO ti kọjá ibẹ̀ báyìí, jíìnì ni wọ́n ń wò ṣáájú. Ọdún 2001 ni wọ́n sì fa ìlà iye blast (sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà) tí a fi ń pe lùkímíà ní ti òjijì wá sílẹ̀ láti 30% sí 20%. Síbẹ̀, ní wákàtí tí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, fíìmù ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fà tẹ́ẹ́rẹ́ sórí síláìdì gíláàsì, ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀.

Kí aró tó kan síláìdì

Inú ìgò EDTA (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), ọlọ́mọrí àlùkò, ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sí, kí ẹ sì fa fíìmù kí wákàtí méjì tó pé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sùn mọ́jú nínú ìgò ń tan ènìyàn jẹ. Núkílíọ́ọ̀sì (àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì) neutrophil á fọ́ sí rògòdò-rògòdò, ti lymphocyte á la sí méjì tàbí mẹ́ta, ojú tí kò tíì mọ nǹkan á sì kà wọ́n mọ́ blast. Tí sáńpù bá ti Lokoja tàbí Minna wá nínú mọ́tò, àkókò tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ pè wọ́n. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n ti fa fíìmù lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìgò.

Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní lùkímíà sábà máa ń ṣàn bí omi, torí PCV rẹ̀ (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) ti lọ sílẹ̀. Ìwọ̀n ọgbọ̀n dígíríì tí a fi ń da síláìdì tí a fi ń fa fíìmù kò ní tó o: ẹ gbé e dìde díẹ̀ sí i, kí ẹ sì yára tì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fíìmù á gùn títí á fi jábọ́ létí síláìdì, ìrù rẹ̀ tí ẹ fẹ́ wò ò ní sí. Ẹ fa mẹ́fà, ó kéré tán. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ, torí methanol á fọ ìnkì dànù.

Nígbà ọyẹ́, fíìmù máa ń gbẹ kí ẹ tó yí ojú padà. Eruku nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Àsìkò òjò ni ìyọnu wà. Ní oṣù Kẹjọ ní Abuja, fíìmù tó bá gbẹ díẹ̀díẹ̀ á sọ sẹ́ẹ̀lì pupa di oníkóńgó-kóńgó. Ẹ máa jù ú fìrì-fìrì lọ́wọ́ tàbí kí ẹ gbé e síwájú fáànù, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí èémí ènìyàn lómi nínú. Tí ẹ bá gbé fíìmù tí ẹ kò tíì fi methanol dì sílẹ̀ lórí tábìlì, aáyán àti eṣinṣin á jẹ ẹ́ láàárín òru. Ẹ bò ó.

Leishman ni àkọ́kọ́, kì í ṣe ohun tí a ń sáré kọjá

Dókítà ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Leishman, ló gbé aró yìí jáde lọ́dún 1901, a kò sì tíì rí èyí tó rọrùn jù ú lọ. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ gíráàmù 0.15 sínú mílílítà 100 methanol tí kò ní acetone nínú. Ẹ dé e pinpin, ẹ jẹ́ kó gbó fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó sẹ́ ẹ.

Ẹ da á bo fíìmù, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Methanol inú rẹ̀ ló ń di sẹ́ẹ̀lì mọ́ síláìdì. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi bọ́fà (omi tí pH rẹ̀, ìwọ̀n kíkan rẹ̀, kì í tètè yí padà) pH 6.8 ìlọ́po méjì rẹ̀ lé e, kí ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì fẹ́ atẹ́gùn sí i jẹ́jẹ́ títí wọ́n á fi pò mọ́ra, tí ojú rẹ̀ á máa dán. Ìṣẹ́jú méje sí mẹ́wàá. Tí ẹ bá fẹ́ ṣàn án, ẹ má kọ́kọ́ da aró nù. Omi ni kí ẹ dà lé aró lórí kó gbé gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ da aró nù, gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ náà á jókòó sórí fíìmù, ẹnì kan á sì kà á sí platelet, èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Omi ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Omi kànga ẹ̀rọ, omi mẹ́ruwà, omi pure water, a kò mọ pH ìkankan nínú wọn, wọ́n sì ń yàtọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò. Omi distilled tí ẹ yọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì bọ́fà sí ni kí ẹ lò. Ẹ má yá bọ́fà lọ́wọ́ àwọn tó ń wo ibà: pH 7.2 ni tiwọn, ó dára fún kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n yóò sọ gbogbo fíìmù yín di aláwọ̀ búlúù, ẹ ò sì ní mọ blast yàtọ̀ sí lymphocyte tó kàn ń bínú sí àrùn. Tí pípọ́n bá pọ̀ jù, omi yín ti kan, acid ti pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Methanol náà ní àléébù tirẹ̀: ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìgò tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ látàárọ̀ nígbà òjò á ti gba omi sínú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké tó ń dán gbinrin nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí ẹ yí lẹ́ńsì sókè sódò tí wọ́n ń tàn tí wọ́n ń kú, omi ló wọ methanol. Ẹ má ka ohunkóhun lórí síláìdì yẹn. Ẹ wá methanol tuntun, kí ẹ sì máa pín ti ńlá sínú ìgò kéékèèké. Mo mọ̀ pé owó ni. Ṣùgbọ́n èsì tó ṣi ọ̀nà ń náni ju methanol lọ.

Bí aró bá mú dáadáa, sẹ́ẹ̀lì pupa á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, núkílíọ́ọ̀sì á di àlùkò, hóró inú neutrophil á hàn wínníwínní. Ẹ fi fíìmù ẹni tí ara rẹ̀ dá, bóyá ti ẹlẹgbẹ́ yín kan, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pa láró.

Wíwò

Lẹ́ńsì 10 ni kí ẹ fi rìn káàkiri ná, títí dé ìrù fíìmù níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá máa ń sá sí. Lẹ́yìn náà ni 40, kí ẹ tó kán òróró fún 100. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: ṣé ọ̀dọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó pọ̀ yìí àbí wọ́n ti dàgbà? Blast ni sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà. Ó sábà máa ń tóbi, núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀ tán, àwọ̀ inú núkílíọ́ọ̀sì náà kúná, ojú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á mọ́lẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, omi ara tó yí i ká á sì kéré, á ní búlúù. Ẹ ka sẹ́ẹ̀lì funfun 200 nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ó bá jẹ́ mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n gbé wá, kí ó jẹ́ 500. Blast tó bá tó 20%, lùkímíà òjijì ni kí ẹ máa rò.

Ẹ wá abẹ́rẹ́. Nínú omi ara blast mìíràn, ẹ ó rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n, a ń pè é ní Auer rod. Ọdún 1906 ni John Auer kọ̀wé nípa rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì rò pé inú lymphocyte ńlá ló ti rí i. Òní, ìdàkejì ni a fi ń mọ̀: ibi tí Auer rod bá wà nínú blast, ìdílé myeloid ni. Abẹ́rẹ́ kan péré ti tó láti gba ọ́ lọ́wọ́ aró tó kù.

Bí ẹ bá wá rí sẹ́ẹ̀lì tí abẹ́rẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n dì jọ bí ìdì igi ìdáná, tí hóró sì kún inú àwọn yòókù débi pé núkílíọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ẹ dìde kúrò nídìí máíkírósíkóòpù, ẹ gbé fóònù. M3 nìyẹn, lùkímíà promyelocyte. Ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya níbi gbogbo lára ẹni náà, títí kan ọpọlọ, kí ilẹ̀ tó mọ́. Oògùn wà fún un, ATRA lorúkọ rẹ̀, dókítà a sì máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ìfura nìkan kí èsì jíìnì tó dé. Irú kan wà tó ń farapamọ́: hóró rẹ̀ kéré jù fún ojú, núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ pín sí méjì bí kíndìnrín tó so pọ̀, iye sẹ́ẹ̀lì funfun sì máa ń ga. Aró tó kàn ló ń tú u fó.

Sudan Black B: ṣé ọmọ ìdílé myeloid ni?

Ọ̀rá tó wà lára hóró àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdílé myeloid ni Sudan Black ń dì mọ́. Aró myeloperoxidase ń dáhùn ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n énsáìmù ni òun ń wá, énsáìmù sì máa ń kú nínú sáńpù tó pẹ́ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó wà níbi tí sáńpù ti ń rìn jìnnà pé Sudan Black ni kí wọ́n mú.

Gíráàmù 0.3 Sudan Black B sínú mílílítà 100 ethanol gidi. Ẹ mì í dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ. Fún bọ́fà rẹ̀, ẹ yọ́ gíráàmù 16 phenol sínú mílílítà 30 ethanol, kí ẹ dà á sínú mílílítà 100 omi distilled tí ẹ ti yọ́ gíráàmù 0.3 disodium hydrogen phosphate oníkírísítà sí. Phenol ń jó awọ ara, kì í sì í dunni lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ìdá 60 aró sí ìdá 40 bọ́fà ni ẹ ó pò fún ìlò.

Ẹ gbé fíìmù tó ti gbẹ sínú ìgò tí formalin wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí èéfín rẹ̀ nìkan kàn án, fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ ṣàn án jẹ́jẹ́. Ẹ rì í sínú aró fún wákàtí kan, kí ẹ dé e. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọtí 70% lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ dà á nù, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà yìí ni dúdú tí kò yẹ á kúrò. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ fi Leishman pa á láìtún di í.

Kí ẹ tó wo blast, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn neutrophil tó ti dàgbà lórí síláìdì yẹn kan náà. Hóró dúdú gbọ́dọ̀ kún inú wọn. Bí wọn ò bá dúdú, aró ló kùnà, ẹ má gbé èsì kankan jáde. Bí wọ́n bá dúdú, ẹ ka blast 100. Mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ní hóró dúdú, ìdílé myeloid ni. Nínú M3, kódà èyí tó ń farapamọ́, gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú biribiri.

Bí kò bá dúdú ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí wọ́n á kọ "ALL" (lùkímíà òjijì ti ìdílé lymphoid) lójú ẹsẹ̀. Àwọn myeloid kan wà tí Sudan Black kì í mú: M0, M7, àti ọ̀pọ̀ nínú M5 tí monoblast (monocyte tí kò tíì dàgbà) kún. Ohun tí aró yìí sọ kò ju pé òun kò rí ọ̀rá hóró lọ.

PAS: ṣúgà wo ló wà nínú rẹ̀?

Glycogen, ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì kó pamọ́, ni PAS ń wá. Schiff ni kẹ́míkà rẹ̀, inú fíríìjì àti òkùnkùn ló sì gbọ́dọ̀ máa gbé. Ní ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má gbà á gbọ́ láìdán an wò: ẹ kán díẹ̀ sínú formalin, ó gbọ́dọ̀ pọ́n di àlùkò kíákíá. Bí Schiff fúnra rẹ̀ bá ti pọ́n nínú ìgò, ó ti kú nìyẹn.

Methanol ìṣẹ́jú 15, ẹ ṣàn án. Periodic acid 1% ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí omi ṣàn lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó gbẹ. Schiff ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ìgò tí ẹ dé. Omi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn, kí ẹ fi haematoxylin parí rẹ̀.

Blast tó ní èérún ńlá-ńlá tó pọ́n, tí ibi yòókù nínú omi ara rẹ̀ sì mọ́ kedere, tí Sudan Black rẹ̀ sì jẹ́ òfo, ALL ni kí ẹ máa fura sí. Mo ní ìfura, torí àwọn monoblast náà lè gba PAS díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì dàgbà nínú M6 a sì máa gbà á gan-an. L3 kì í sábà gbà á rárá. Òun ni ti Burkitt, jẹjẹrẹ tó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé wú: omi ara rẹ̀ búlúù ṣìṣì, ihò róbótó kún inú rẹ̀, ọ̀rá ló wà nínú ihò yẹn, aró Oil Red O sì ń mú un. Bí fọ́ọ̀mù bá sọ pé ọmọdé ni, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ẹ wá ihò yẹn lórí Leishman kí ẹ tó fọwọ́ kan PAS.

Bí ẹ bá ń fura sí monocyte, aró non-specific esterase ni ìbéèrè tó kàn. Síláìdì méjì ni ẹ ó ṣe, ọ̀kan pẹ̀lú sodium fluoride, ọ̀kan láìsí i. Ti monocyte á gbà á lákọ̀ọ́kọ́, fluoride á sì pa á. Púpọ̀ nínú láàbù wa kò ní kẹ́míkà rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní i, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú èsì, kí ẹ sì tẹ̀síwájú.

Lùkímíà ọlọ́jọ́ pípẹ́

Èyí kò gba aró púpọ̀. Nínú CML (lùkímíà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti ìdílé myeloid), sẹ́ẹ̀lì funfun á ga fíofío, ẹ ó rí gbogbo ìran neutrophil láti kékeré dé àgbà, myelocyte (èyí tó wà láàárín) àti neutrophil ló máa ń pọ̀ jù, basophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, á sì pọ̀ sí i. Ohun tó máa ń jọ ọ́ ni ara tí àrùn líle bíi ikọ́ ẹ̀gbẹ kọlù. NAP, aró tó ń wá énsáìmù kan nínú neutrophil, ló ń yà wọ́n: ẹ ka neutrophil 100, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4, kí ẹ ro ó pọ̀. Ó máa ń wálẹ̀ nínú CML, ó máa ń gòkè nínú àrùn àti nínú oyún. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka tàbí ti ìgò heparin ni kí ẹ lò, EDTA ń ba énsáìmù yìí jẹ́. Ṣùgbọ́n BCR-ABL1, jíìnì méjì tó so pọ̀, ló ń fìdí CML múlẹ̀, ó sì yẹ kí a wá a, torí oògùn imatinib wà. Ọdún 2003 ni ọ̀pọ̀ aláìsàn CML láti gbogbo Nàìjíríà, títí kan òkè Ọya, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gba oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà yẹn jìn gan-an, nítorí náà ẹ má fi ìfura tí kò dúró rán ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

CLL, lùkímíà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti ìdílé lymphoid, ti àwọn àgbà ni. Lymphocyte kéékèèké tó ti dàgbà ló máa ń kún ibẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á sì fọ́ nígbà tí ẹ bá ń fa fíìmù. Ẹ kán albumin ẹyọ kan sí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ tún un fà, wọn ò ní fọ́ mọ́. Ní agbègbè wa, ibà tó ti pẹ́ lára, tó mú ikùn wú lápá òsì, lè mú lymphocyte pọ̀ bákan náà.

Èsì, àti ohun tí ẹ ó fi ránṣẹ́

Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ rò: blast mélòó, Auer rod wà tàbí kò sí, Sudan Black mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, PAS onírú wo. Ẹ kọ "ó jọ", ẹ má kọ "òun ni". Àwọn ẹbí a máa wá sẹ́nu fèrèsé láàbù. Ìyá kan tó gbọ́ pé Yorùbá lẹ̀ ń sọ á rò pé òun ti rí ará ilé, á ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kí lo rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí?" Ẹ dá a lóhùn pé, "Màmá, a ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fara balẹ̀, dókítà fúnra rẹ̀ máa pè yín jókòó." Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó ka ohunkóhun lójú yín.

Nínú fíìmù mẹ́fà yẹn, méjì kò gbọdọ̀ rí aró. Ẹ fi methanol di wọ́n, kí wọ́n gbẹ, kí ẹ wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú bébà, kí ẹ tó kó wọn sínú páálí líle. Tí wọ́n bá ń lọ sí Ibadan tàbí Lagos nípa wébíìlì láti gáréèjì Útakò, ẹ kọ "gíláàsì" sí ara páálí gàdàgbà, kí nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á sì wà lórí páálí àti nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tútù fún flow kò lè bá wébíìlì òru rìn láìsí ìṣètò: láàárín wákàtí 24 sí 48 ló gbọ́dọ̀ débẹ̀, ẹ má fi yìnyín kàn án, ẹ má sì gbé e síbi tí oòrùn ń pa. Ẹ pe láàbù tó máa gbà á ṣáájú kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ náà, torí ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ sáńpù máa ń dé bá ilẹ̀kùn títì.